Irọ́ Tí Gbogbo Kíláàsì Kọ Sílẹ̀

Irọ́ náà kò ju ìlà kan lọ, ọwọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́ sójú pátákó. Ó fa igi sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, ó wá yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Nítorí náà," ó ní, "oorun máa ń ba ìrántí jẹ́. Ẹni tó bá kàwé tán tó lọ sùn, díẹ̀ ni yóò rántí. Ẹni tí kò sùn ni yóò rántí púpọ̀."

Ó ń retí.

Òkè ìlà náà gan-an ni àbájáde ìwádìí wà. Òun náà ló kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà tí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn pátápátá fi lè kà á. Wọ́n fún ọ̀wọ́ ènìyàn méjì ní ogún ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n kọ́ ọ sórí. Àwọn tó sùn rántí mẹ́rìndínlógún. Àwọn tí kò sùn rántí mẹ́sàn-án. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ òǹkà yóò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, àwọn tó sì wà níwájú rẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ òǹkà mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ni wọ́n ní ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ọmọ ẹ̀dá. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò máa jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, tí ẹni náà yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Orí nìkan ló rí. Gbogbo wọn dorí kodò, bírò ń sáré lórí ìwé. Wọ́n ń kọ irọ́ náà sílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Òun ni olórí ẹ̀ka náà, àlejò pàtàkì ló sì gbà: àgbà obìnrin kan tí wọ́n rán wá láti yunifásítì mìíràn kó wá yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tí obìnrin yìí wá wò ni bóyá ohun tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ ọmọ ni ọmọ ń kọ́ lóòótọ́. Ẹ̀ka náà ti tọrọ àṣẹ láti máa kọ́ àwọn ènìyàn gba oyè kejì. Ẹnu obìnrin yìí ni àṣẹ náà wà. Aṣàyẹ̀wò ni gbogbo wọn ń pè é láti ìgbà tó ti dé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í yára sọ̀rọ̀, ó sì máa ń yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ bèèrè ohun tó ká a lára.

"Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀ ń kọ́ wọn," obìnrin náà bi í, "èwo ni ẹ kò ní fẹ́ kí wọ́n gbàgbé láé?"

Ìbéèrè tó wù ú jù láyé nìyẹn. "Màmá, kí wọ́n má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìsí ẹ̀rí. Ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọba, ìbáà jẹ́ tèmi. Orúkọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ mí pàápàá, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rí-Dà ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́."

Òótọ́ ni, Ẹ̀rí-Dà ni wọ́n ń pè é. Bí ènìyàn bá ní òjò yóò rọ̀, "Ẹ̀rí dà?" ni yóò fi dáhùn. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn bí oyè.

"Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ó ti wọ̀ wọ́n lára?"

"Nínú ìdánwò ni, Mà. À ń ní kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí ènìyàn gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìsí ẹ̀rí. Wọ́n ń dáhùn rẹ̀ bí ẹní mumi."

Obìnrin náà yọ gíláàsì rẹ̀. "Ẹni tó lè ròyìn bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ nínú odò, ṣé ó ti di òmùwẹ̀ nìyẹn?"

Kò bínú sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti dá a lábàá pé kó mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ kan fún kíláàsì rẹ̀, irọ́ tí kò fara sin, kí òun jókòó sẹ́yìn kí òun wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rí-Dà tún rẹ́rìn-ín. Àánú obìnrin náà tilẹ̀ ń ṣe é díẹ̀. "Màmá, wọn ò ní jẹ́ kí n parí gbólóhùn náà. Wọ́n á ti fò mọ́ mi lẹ́nu."

Òun rèé báyìí, ó ti parí gbólóhùn náà, ó tún ti fa igi sí i lábẹ́.

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kan mẹ́rìndínlógún ko-ko-ko, ó kan mẹ́sàn-án ko-ko-ko. "Ẹ wò ó dáadáa o. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, sà!" Ohùn kan náà ni, bí ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọkùnrin kan níwájú ń mi orí bí alángbá.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ó ń wojú wọn, wọ́n ń wojú ìwé. Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àlejò tó wà lẹ́yìn ni. Ó wá rí i pé kò sí ohun tó yàtọ̀ nínú ìjókòó wọn ọjọ́ yẹn sí ti ọjọ́ mìíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń jókòó. Láti ọdún wọ̀nyí, báyìí náà ni.

Nínú ọkàn rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹnì kan ṣoṣo. Olúwa, ẹnì kan ṣoṣo ti tó.

Ọwọ́ kan nà sókè.

Ọmọbìnrin kan ni, ní ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rí-Dà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọmọ náà dìde pé ó dà bíi pé àròpọ̀ iye kan tí olùkọ́ kọ sójú pátákó ti lé díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló bi í bóyá ó ti kó ẹlẹ́rìí rẹ̀ dání àbí kí adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń lu tábìlì. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti di Lọ́yà, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti dìde mọ́.

Ó dìde lónìí. Ọkàn Ẹ̀rí-Dà fò sókè bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. Ó ya ẹnu láti sọ pé, sọ̀rọ̀, ọmọ mi, à ń gbọ́.

"Áà, Lọ́yà!" ni ohun tó jáde. "Ẹjọ́ ta lẹ tún gbé wá lónìí?"

Ẹ̀rín bú gbàù. Ọwọ́ tó wà lókè náà yà sí etí, ó di yẹtí mú, ó tún un ṣe bí ẹni pé ohun tó gbé e sókè nìyẹn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Kò sí, sà," ọmọbìnrin náà wí.

Ẹ̀rí-Dà kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tí òun sọ ti jáde wá. Bí ẹni tó sín ni. Kò rò ó, kò fẹ́ ẹ, ohun tó sì ń gbàdúrà fún ló fi ẹnu ara rẹ̀ lé lọ. Ẹyin lohùn; ó bọ́, ó fọ́, àwọn ọmọ kíláàsì sì ń rẹ́rìn-ín lórí èèpo rẹ̀. Ó gbójú sókè wo ẹ̀yìn kíláàsì. Aṣàyẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Kò fajú ro pẹ̀lú. Ó ti yíjú sí fèrèsé, ó ń wo ìta, bí àgbà ṣe máa ń mójú kúrò nígbà tí aṣọ bá já nídìí ẹlòmíràn ní gbangba.

Ìyẹn ló dùn ún jù.

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rí àwáwí. "Màmá, nítorí yín ni. Ara wọn ò balẹ̀. Àwọn ọmọ òde òní náà, ohun tí wọ́n bá ti fi sínú ìwé ló tó wọn. Wọn kì í ronú."

"Ó ṣeé ṣe," obìnrin náà wí. "Kíláàsì ta ni wọ́n tún ní lónìí?"

Kíláàsì ìgbákejì rẹ̀ ni, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Àǹtí, tó jẹ́ pé Ẹ̀rí-Dà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Aṣàyẹ̀wò ní òun fẹ́ kí Àǹtí náà pa irọ́ kan fún àwọn ọmọ kan náà, kí àwọn lè mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀rí-Dà ní ó dáa. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Kí wọ́n dákẹ́ fún Àǹtí náà bí wọ́n ti dákẹ́ fún òun. Ó gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wí, ojú sì tì í níbi tí kò ti sí ẹni tó ń wò ó.

Kò wọlé nígbà tí àkókò tó. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, ó mú fóònù dání bí ẹni tó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́.

Ó gbọ́ ohùn Àǹtí. Ó ń sọ fún wọn nípa ìwádìí kan tí wọ́n ti ní kí ẹnì kan ṣe bí ẹni tó dákú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń kọjá, ó máa ń dúró ràn án lọ́wọ́. Bí èrò bá pọ̀, kálukú á máa wojú ẹnì kejì. Ó kọ iye náà sílẹ̀, Ẹ̀rí-Dà ń gbọ́ bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń ha pátákó. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí ní, "Nítorí náà, bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìrànlọ́wọ́ ṣe ń pọ̀..."

"Rárá o, Àǹtí!"

"Àǹtí, ẹ wo pátákó yín!"

"Ẹ ò sùn dáadáa lánàá ni?"

"Sùn kẹ̀? Ṣebí oorun ń ba ìrántí jẹ́!" Ọmọkùnrin tó ń mi orí bí alángbá láàárọ̀ ni. Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín yìí kò jọ ti àárọ̀.

Ohùn kan wá gba àárín gbogbo rẹ̀ kọjá, ohùn ọmọbìnrin, tó dúró ṣinṣin, tí kò yára: "Ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Iye tí Àǹtí kọ síbẹ̀ ń sọ òdìkejì ohun tí wọ́n wí. Àfi tí ìwádìí mìíràn bá wà tí a kò tíì rí. Ó wà ni, Àǹtí?"

"Kò sí," ni Àǹtí wí, ẹ̀rín sì wà nínú ohùn rẹ̀. "Ẹ mú mi."

Ohùn Lọ́yà ni. Ẹ̀rí-Dà kò mọ̀ pé ó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn ni wọ́n mọ̀, tí wọ́n sì ń lò ó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Láàárọ̀ náà, wọ́n rí i pé irọ́ ni. Gbogbo wọn ló rí i. Wọ́n tilẹ̀ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wọn. Wọ́n rí i, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọ́fíìsì rẹ̀ ni Aṣàyẹ̀wò ti wá dágbére.

"Inú mi dùn sí àwọn ọmọ yín," obìnrin náà wí. "Wọ́n mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni n ó ṣe jábọ̀. Ẹ máa múra sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ oyè kejì yín."

Ó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. "Ti kíláàsì tèmi ńkọ́, Mà?"

Obìnrin náà ń wá gíláàsì rẹ̀, tó so kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. "Ohun tí wọ́n rán mi ni pé kí n wò bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọn ò rán mi pé kí n wo ẹni tí wọn ò lè lò ó níwájú rẹ̀." Ó dìde. "Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín."

Àṣírí bò. Bí obìnrin náà ṣe jáde, kò sẹ́ni tó tún lè sọ ọ́ síta, àfi òun. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù láti ròyìn ayọ̀ fún un.

"Ẹ kú oríire!" ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo ti sọ fún yín pé yóò bọ́ sí i."

Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ mi, nílé, tí mo bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ máa ń sọ fún mi?"

Ó gbọ́ bí omi ẹ̀rọ ṣe ń dà. Ó gbọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ tì í pa.

"Ẹ ti jẹun ṣá?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Mo gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan fi sẹ́nu. Tí ẹ bá délé, a ó sọ ọ́."

Wọn kò ní sọ ọ́. Ó mọ̀. Ó gbé fóònù kalẹ̀ lórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ dé, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ já bọ́. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí Àǹtí pé kó jọ̀ọ́, kó má tíì jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ.

Kó tó jáde, ó ṣí ìwé orúkọ kíláàsì. Ó ń wá orúkọ tí ìyá àti bàbá Lọ́yà sọ ọ́. Ó ti gbàgbé rẹ̀. Ó ní láti fi ìka tọ ojú ìwé náà láti òkè wá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń kọ́ ọmọ náà.

Ó ń gbọ́ ariwo wọn láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ariwo náà sì kú bí ìgbà tí ènìyàn da omi sí iná. Dídákẹ́ yìí ló máa ń mú orí rẹ̀ wú tẹ́lẹ̀. Ọ̀wọ̀ ló ń pè é.

"Ohun tí mo kọ́ yín láàárọ̀," ó ní, "irọ́ ni. Kí n tó kọ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ó já irọ́ mi ní koro ni."

Gbogbo wọn dorí kodò. Bírò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọmọkùnrin kan ń fi rúlà fa igi pa ohun tó kọ láàárọ̀, ó ń kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ẹ̀rí-Dà, omi sì ń gbọ̀n lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé bírò sílẹ̀."

Wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pà! bí ẹni pé olórí ológun ló pàṣẹ. Ìyẹn pàápàá, ó rí i pé òun ló kọ́ wọn.

Kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ó kì wọ́n bọ àpò, ó tún yọ wọ́n. Ó yíjú sí ìlà kẹta, ó sì pe ọmọbìnrin náà ní orúkọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwọn kan wojú ara wọn bí ẹni pé àjèjì ló pè.

"O fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárọ̀, mo sì fi ọ́ ṣẹ̀sín. Òótọ́ lo fẹ́ sọ. Kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo délé, mo tún iye yẹn rò. Ó lé, gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Mo tún un kọ, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Má bínú."

Àǹtí, tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ń wo bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ, wọn kò mọ irú ojú tí ó yẹ kí wọ́n fi wò ó.

Ọmọbìnrin náà dìde dúró. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ó wo olùkọ́, ó wo Àǹtí, ó wo àga ẹ̀yìn tí Aṣàyẹ̀wò jókòó sí láàárọ̀, bóyá àlejò tún wà níbẹ̀. Àga náà ṣófo.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí jẹ́jẹ́. "Èyí náà, ṣé ara ìdánwò ni?"

Èsì kan ti wà lẹ́nu Ẹ̀rí-Dà. Ó mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń gùn bọ̀ látinú ọ̀nà ọ̀fun, kíákíá, dídùn, èyí tí gbogbo kíláàsì yóò rẹ́rìn-ín sí. Ó gbé e mì. Ó tóbi, ó sì ń ha á lọ́fun bó ṣe ń lọ.

"Rárá," ó ní.

Ọmọbìnrin náà ṣì ń wò ó. Kò gbà, kò kọ̀. Ẹ̀rí-Dà wá ohun tí yóò fi kún un, ohun tí ọmọ náà yóò fi mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì rí nǹkan kan. Ẹ̀rí tí ọmọ náà ń fẹ́ kò sí lẹ́nu òun. Bó bá wà níbì kan, ó wà ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹlòmíràn bá tún nawọ́.

"Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ," ó ní. "Mò ń gbọ́."

Ọmọbìnrin náà wà lórí ìdúró. Ẹ̀rí-Dà wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí àga kan tó ṣófo ní ìlà iwájú, ó fà á, òun ló sì jókòó.